Báwo ni mo ṣe lè so okùn ọkọ̀ ojú omi méjì pọ̀, tí ọ̀kan nípọn ju èkejì lọ, tí kò fi ní tú?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo kókó tí a fi ń di ẹrù lásán. Bí okùn kò bá nípọn bákan náà, yíyọ̀ ló máa yọ̀.

Ẹ ṣẹ́ orí okùn tó nípọn po bí ìkọ́. Ẹ ki èyí tó tín-ín-rín láti abẹ́ wọ inú ìkọ́ náà, ẹ yí i gba ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ìkọ́ méjèèjì, kí ẹ wá ki orí rẹ̀ bọ abẹ́ ara rẹ̀, kì í ṣe inú ìkọ́ mọ́. Tí okùn bá ń dán, ẹ yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Èmi kì í fi ẹ̀ẹ̀kejì yẹn sílẹ̀. Kí ìrù méjèèjì, ìyẹn orí okùn kọ̀ọ̀kan tó yọ síta, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà, kí wọ́n sì gùn dáadáa. Ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó fà á le.

Fún ìdákọ̀ró lórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, náílọ́ọ̀nù ni kí ẹ rà: ó ń rì, ó sì ń nà tí ìgbì bá fà á. Okùn tó ń léfòó kì í pẹ́ gbó lóòrùn. Kókó sì lè dín agbára okùn kù tó ìdajì, nítorí náà ẹ ra èyí tó lágbára ju ẹrù yín lọ dáadáa.