Èsì: Ṣé kí àbúrò mi wo Mid90s?

Bọ̀dá mi, ẹ ní àbúrò yín ọmọ ọdún 13 fẹ́ wo fíìmù Mid90s, ẹ má jẹ́ kó dá nìkan wò ó o. Lóòótọ́ ọmọ ọdún 13 ni Stevie inú ẹ̀, àmọ́ sìgá, ọtí, èébú àti bí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣe ń lù ú pọ̀ níbẹ̀, R ni wọ́n fún un ní Amẹ́ríkà ní 2018, ìyẹn ni pé ọmọ tí ò tíì pé ọdún 17 ò gbọ́dọ̀ wò ó láìsí òbí tàbí àgbàlagbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Nígbà tá a wò ó ládùúgbò wa n'Íkòròdú, àwọn ọmọ ń pariwo síbi tí wọ́n ti ń fi skateboard (pátákó onítáyà tí wọ́n ń dúró lé) fò, àwọn ìyá wá ń ké yéè nígbà tí Stevie já bọ́ látorí òrùlé. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ṣá, ọmọ tó ń wá ẹni tó máa gbà á mọ́ra ni, ìyẹn dùn mí wọra, Na-kel Smith tó ṣe Ray, ọ̀rẹ́ Stevie, náà ń fi skateboard ṣiṣẹ́ jẹun lóòótọ́. Ẹ jókòó tì í.