Orí firíìjì ni àbí ara ògiri?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá oníná. Bàbá Ìbejì ra tẹlifíṣàn tuntun wálé, 43 ínǹṣì. Wọ́n ní orí firíìjì la máa gbé e sí, kọ́wọ́ àwọn ọmọ má baà tó o. Èmi ní ká gbé e kọ́ ògiri, káfíńtà àdúgbò sì ti ní ìṣó mẹ́rin ti tó. Ìbàdàn la wà, a háyà ilé ni, àwọn ìbejì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 3. Èwo ni ká ṣe? – Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire. Ẹ bá mi bẹ Bàbá Ìbejì, orí firíìjì kọ́ o. Firíìjì máa ń gbọ̀n bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹsẹ̀ tẹlifíṣàn á sì máa sún díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tó bá sì fẹ́ nǹkan tó wà lókè, gígùn ló máa gùn ún. Nílé tí ọmọdé bá wà, wíwó tẹlifíṣàn ni mo ń bẹ̀rù ju iná rẹ̀ lọ: 43 ínǹṣì tó nǹkan bíi kílò 6 sí 10, ọmọ ọdún 3 fúnra rẹ̀ ò sì ju nǹkan bíi kílò 14 lọ.

Àbá ògiri tiyín dáa, àmọ́ kì í ṣe ìṣó káfíńtà. Bó ṣe wọ ògiri wẹ́rẹ́ náà ló máa yọ wẹ́rẹ́. Háńgà irin tó bá ihò mẹ́rin ẹ̀yìn tẹlifíṣàn mu ni kẹ́ ẹ rà, kí ẹni tó ní dírìlì lu ihò, kó ki rawl plug, ìyẹn rọ́bà kékeré tó máa ń di sikúrù mú nínú ògiri, bọ̀ ọ́ kí sikúrù tó wọlé. Kẹ́ ẹ tó pè é, ẹ fi ìka kan ògiri náà gbọ́. Tó bá ń dún bí igbá òfìfo, inú búlọ́ọ̀kù ṣófo níbẹ̀, tàbí kó jẹ́ pákó ni wọ́n fi pín yàrá. Ẹ sún síbòmíràn. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n lu òkè sọ́kẹ́ẹ̀tì tààrà, torí ibẹ̀ ni wáyà inú ògiri sábà máa ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Mo ṣe é rí nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Gbogbo ilé ṣókùnkùn, ọ̀gá mi ò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú.

Ṣùgbọ́n ilé onílé lẹ wà, lánlọ́ọ̀dù kì í sì í fẹ́ gbọ́ ìró dírìlì. Tó bá jẹ́ èmi, orí tábìlì ni mo máa gbé e sí: èyí tó wúwo, tó sì fẹ̀ ju tẹlifíṣàn lọ, nítorí ẹsẹ̀ àwọn tuntun yìí sábà máa ń wà ní ìpẹ̀kun ọ̀tún àti òsì. Kí àárín ojú rẹ̀ ṣe déédéé ojú yín bí ẹ bá jókòó. Lẹ́yìn náà, ẹ wá bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń so tẹlifíṣàn, ẹ fi sikúrù dè é mọ́ ihò ẹ̀yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ so ó mọ́ tábìlì gan-an.

Ẹ ká aṣọ tábìlì kúrò lábẹ́ rẹ̀. Nílé oníbàárà mi kan, aṣọ léèsì ló rọ̀ wálẹ̀ níwájú tábìlì. Ọmọ dì í mú láti fi dìde dúró, tẹlifíṣàn bá tẹ̀ lé aṣọ. Ọlọ́run yọ ọmọ, ojú tẹlifíṣàn ló fọ́.

Ní ti iná, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n kọ 100–240V sí ọ̀pọ̀ nínú wọn, torí náà iná tó rẹlẹ̀ díẹ̀ kì í ṣe wọ́n ní nǹkan. Èyí tó máa ń jó wọn ni iná tó bá já wọlé lójijì nígbà tí NEPA bá mú un dé. Bí iná bá lọ, ẹ yọ ọ́ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bó bá dé, ẹ ní sùúrù bí ìṣẹ́jú 5. Bí àrá bá ń sán, ẹ yọ wáyà díìṣì pẹ̀lú. Ẹ má sì kì í mọ́ ẹkitẹ́ńṣọ̀n tí áyọ́ọ̀nù wà.

Rìmóòtù ńkọ́? Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sẹ́yìn tẹlifíṣàn. Òun gan-an làwọn ìbejì máa gun tábìlì wá mú.