Ìbéèrè inú ínbọ́ọ̀sì yín ni kí ẹ fi ṣe pòsítì

Ẹ ní ojoojúmọ́ lẹ ń gbé àwòrán ọjà síta lórí Instagram àti Facebook, pé láìkì díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé, kò sẹ́ni tó ń bá yín sọ̀rọ̀, áńbọ̀sìbọ́sí pé kí wọ́n ra nǹkan. Mo mọ bó ṣe máa ń dunni tó. Iṣẹ́ àtúnṣe fóònù ni mò ń ṣe, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń wá oníbàárà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tójú mi ti rí ni mo fẹ́ sọ.

Inú ínbọ́ọ̀sì ni ọ̀rọ̀ ti yí padà fún mi. Mo ka gbogbo ohun táwọn èèyàn ti bi mí, mo sì kọ wọ́n sínú ìwé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ìbéèrè kan ṣáà ń padà wá: "Ẹ̀yìn fóònù mi ń wú, kí ló dé?" Bátìrì ni. Mo gbé ọ̀kan tó ti wú sórí tábìlì, mo ṣe fídíò kúkúrú. Mo fi bó ṣe ti ojú fóònù kúrò láyè rẹ̀ hàn, mo ṣàlàyé pé gáàsì ló kóra jọ sínú rẹ̀, mo sì kìlọ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má sì fi nǹkan gún un, torí ó lè gbiná. Mi ò dárúkọ owó rárá. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí ìyá wọn, sí ọ̀rẹ́ wọn, àwọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yìí ló wá di oníbàárà mi.

Láìkì dà bí ẹni tó kí yín tó sì kọjá lọ. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ló mú àlejò wá sílé yín. Adam Mosseri, ọ̀gá Instagram, fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní 2025 pé fífi ránṣẹ́ wúlò gan-an láti gbé nǹkan dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò tíì máa tẹ̀ lé yín. Nítorí náà, kí ẹ tó gbé ohunkóhun síta, ẹ bi ara yín pé: ta ni ẹni tó bá rí i máa fi ránṣẹ́ sí? Tí ẹ ò bá rí ìdáhùn, ẹ tún un rò.

Ẹ gbé kókó ọ̀rọ̀ síwájú. Instagram gbà yín láàyè lẹ́tà 2,200 lábẹ́ àwòrán, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa ń hàn kí èèyàn tó tẹ̀ ẹ́ láti ka ìyókù. Bátìrì ni kó kọ́kọ́ yọjú nínú fídíò, kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sójú fídíò náà, torí ọ̀pọ̀ ló ń wò ó láìṣí ohùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé ṣe "tẹ láìkì tí o bá gbà pẹ̀lú mi". Láti ìparí 2017 ni Facebook ti kéde pé àwọn á máa ti irú rẹ̀ sẹ́yìn.

Kọ́mẹ́ǹtì ni mo fi ọwọ́ pàtàkì mú jù. Mo máa ń dáhùn wọn, mo sì máa ń fi ìbéèrè sí ìdí ìdáhùn mi: "Irú fóònù wo ni? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" Ibẹ̀ ni pòsítì tó kàn ti ń jáde. Tí ẹnì kan bá ṣàròyé ní gbangba, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ dá a lóhùn níbẹ̀, pẹ̀lú sùúrù. Àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ rárá ń ka bẹ́ ẹ ṣe ṣe é kí wọ́n tó pinnu bóyá àwọn á gbé owó wá.

Kò pọn dandan kó jẹ́ ojoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tó ní làákàyè nínú, tó fún mi. Àwọn nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ń lọ sí Stories, tó ń pòórá lẹ́yìn wákàtí 24. Lópin oṣù, ẹ wo èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ jù, kí ẹ tún mú ọ̀rọ̀ yẹn gba ọ̀nà mìíràn. Èmi ti dáhùn ọ̀rọ̀ bátìrì lóríṣiríṣi ọ̀nà, wọ́n ṣì ń béèrè.