Ṣé tòlótòló 50 yóò mówó wọlé fún mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ní Ìwó. Ilé adìyẹ àtijọ́ kan wà lẹ́yìnkùlé mi, adìyẹ ìbílẹ̀ bíi 15 sì ń jẹ̀ kiri inú ọgbà. Ọmọ mi ní kí n mú nínú owó ìfẹ̀yìntì mi ra ọmọ tòlótòló ọlọ́jọ́ kan 50, kí n tà wọ́n nígbà Kérésì. Ṣé èrè wà níbẹ̀ lóòótọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìsinmi, Màmá. Èrè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe owó. Àwọn adìyẹ 15 yẹn ni, àti ilé tí ẹ fẹ́ lò.

Àrùn kan wà tó máa ń jẹ ẹ̀dọ̀ tòlótòló, blackhead ni àwa dókítà ẹran ń pè é. Inú ẹyin aràn tó wà nínú ìfun adìyẹ ni kòkòrò rẹ̀ ń fara pamọ́ sí. Adìyẹ lè máa gbé e kiri kó má ṣe é ní nǹkan kan, ẹyin aràn náà sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan. Tòlótòló tó bá ṣa á jẹ, ìyẹ́ rẹ̀ á rọ̀ wálẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ á pupa rúsúrúsú bí imí-ọjọ́, kò sì ní pẹ́ kú. Kò sí àjẹsára fún un. Nítorí náà, ẹ ta adìyẹ wọ̀nyẹn, ẹ ha ilẹ̀ ilé náà kúrò, ẹ rẹ́ ẹ ní sìmẹ́ńtì, kí ẹ tó da èérún pákó tuntun sí i. Àrùn lùkúlùkú (Newcastle) ní tirẹ̀ ní àjẹsára. Ẹ má fi í falẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ti ọlọ́jọ́ kan sílẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ yìí. Ọmọ tòlótòló gọ̀ púpọ̀: oúnjẹ á wà níwájú rẹ̀, ebi á sì pa á kú. Ó ń fẹ́ ooru tó tó ìwọ̀n 35 Celsius lọ́sẹ̀ kìíní, iná tàn án tọ̀sán tòru, oúnjẹ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní purotéènì tó tó ìdá 28 nínú 100. Oúnjẹ òròmọdìyẹ tí wọ́n ń tà lọ́jà kò tó o. Àwọn kan máa ń fi òròmọdìyẹ sáàárín wọn kó lè kọ́ wọn ní jíjẹ. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́ ohun tí adìyẹ ń gbé wá. Ẹyin sísè tí a rún, tàbí tẹ̀tẹ̀ tí a gé wẹ́wẹ́ wọ́n orí oúnjẹ, ló tẹ́ mi lọ́rùn jù.

Ẹ ra èyí tó ti pé ọ̀sẹ̀ 8, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ó wọ́n ju ọlọ́jọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti bá yín ru ewu ibẹ̀. 20 ti tó, ẹ má ra 50. Ojú tó mọ̀ ọ́n sì ti lè máa ṣa akọ jáde nígbà náà. Ẹ ra akọ, torí abo kì í wúwo tó o.

Ó kan ìṣirò. Iye owó ń yí padà lójoojúmọ́, nítorí náà, kílò oúnjẹ ni kí ẹ fi ṣe é. Tòlótòló ń jẹ tó kílò 3 kó tó fi kílò 1 kún ara. Akọ oníkílò 9 á ti jẹ bíi kílò 27 láti kékeré, ìyẹn àpò oníkílò 25 kan àti díẹ̀. Ẹ béèrè iye tí àpò kan jẹ́ ní Ìwó, ẹ fi owó ọmọ rẹ̀ àti ti oògùn kún un, kí ẹ fi wé iye tí wọ́n ń ra akọ kan láàyè ní Kérésì tó kọjá. Bí ohun tó ṣẹ́kù ò bá tó nǹkan, ẹ má bẹ̀rẹ̀.

Láàyè ni mo wí o. Ẹ má gé e ta ní kílò-kílò. Láti 2003 ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó tòlótòló dídì wọlé, síbẹ̀ ó ń gba ọ̀nà Kútọnu wọlé, ẹ ò sì lè bá a du owó pọ́ọ́kú. Ẹni tó fẹ́ fi akọ gìrìwò kan kí àna rẹ̀ kò wá ti inú yìnyín. Irú wọn ni kí ẹ wá láti oṣù kẹwàá, nínú ìjọ, nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, kí ẹ sì gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ọdún, ẹ dín owó rẹ̀ kù kí ẹ tà á kíákíá. Bí ẹ bá fi í dúró de Àjíǹde, oúnjẹ tí yóò jẹ láàárín méjì á ti gbé èrè rẹ̀ lọ.