Kí ni ìtumọ̀ òwe "bí ọwọ́ ọmọdé kò bá tí ì tẹ èèkù idà", kí ló sì kàn án pẹ̀lú géèmù ogun?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Kàbà ni mo wà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé géèmù ogun kan sórí fóònù mi, The Battle of Polytopia lorúkọ rẹ̀. Èèyàn á ṣe tirẹ̀ tán kó tó kan ẹnì kejì. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń gba ìlú mi. Àbúrò bàbá mi jókòó tì mí, wọ́n wò ó títí, wọ́n wá ní, 'Bí ọwọ́ ọmọdé kò bá tí ì tẹ èèkù idà, kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀.' Bàbá mi sì wà láàyè! Ṣé èébú ni wọ́n bú mi ni?"

Ìdáhùn: Ọ̀kun o, àbúrò mi. Kí Ọlọ́run bá wa dá bàbá sí. Wọn ò bú ọ rárá. Bí àgbàlagbà bá fẹ́ fi òwe kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta irú géèmù yẹn, bóyá ni yóò fi rí èyí tó ṣe wẹ́kú tó bẹ́ẹ̀.

Ká kọ́kọ́ tú òwe náà. Láyé ogun, ọmọ tí wọ́n pa baba rẹ̀ lè máa dàgbà láàárín àwọn tó mọ ẹni tó pa á. Ó lè jẹ́ pé ẹni náà gan-an ló ń kúnlẹ̀ kí láràárọ̀. Ọjọ́ tó bá lanu pé "Ta ló pa bàbá mi?", ọ̀rọ̀ á délé ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi náà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Wọ́n á mọ̀ pé ọmọ ti gbọ́n, pé ó ń gbẹ̀san bọ̀. Bí kò bá sì sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n á rán an tẹ̀lé baba rẹ̀. Inú ìbéèrè yẹn gan-an ni ewu wà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi òwe yìí pa ọmọdé lẹ́nu mọ́, bí ẹni ń sọ pé "jókòó jẹ́ẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ju tìrẹ lọ." Èmi ò fara mọ́ ọn. Òwe náà ò ní kí ọmọ gbàgbé baba rẹ̀, kò sì ní kó dákẹ́ títí ayé. Ó ní kó pa ìbéèrè mọ́ inú, kí ọwọ́ máa wá idà lọ. Ọmọ tó pa ìbéèrè mọ́ tí kò sì wá idà, òun àti ẹni tó gbàgbé, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Wàyí o, géèmù. Irú èyí tí o ń ta yìí dà bí ayò ọlọ́pọ́n: bí ọ̀kan bá ń jọ́mọ, èkejì á fọwọ́ lẹ́rán, á máa wò ó. Ìgbà tó bá kàn ọ́ yẹn là ń pè ní tọ́ọ̀nù. Géèmù ogun mìíràn wà, irú Age of Empires, tó jẹ́ pé gbogbo yín lẹ jọ ń sáré lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ yá ló ń jèrè. Nínú tìrẹ, ìyára ọwọ́ ò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. O lè bu omi mu, kí o lọ kí àlejò, kí o padà wá bá ọmọ ogun rẹ níbi tí o fi wọ́n sí. Ohun tó há ni ohun tí o lè ṣe nínú tọ́ọ̀nù kan: bí ọmọ ogun kan ṣe lè rìn jìnnà tó níye, owó tó wà lọ́wọ́ rẹ náà níye. Bí o bá ti tẹ̀ ẹ́ pé o ti parí, ó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ nìyẹn, àfi kí o máa wo ohun tí ẹlòmíràn yóò fi ọ́ ṣe.

Ibi owó yẹn ni mo fura pé wọ́n ti ń borí rẹ. Ìràwọ̀ ni owó Polytopia. Ká ní ẹ̀yà Imperius lo mú, ìràwọ̀ mẹ́rin sì wà lọ́wọ́ rẹ. Jagunjagun lásán kan, ìràwọ̀ méjì. O lè fi mẹ́rin yẹn ra méjì, kí o ní kí wọ́n máa lọ. O sì lè fi kó èso méjì tó wà nítòsí ìlú rẹ, méjì méjì ìràwọ̀ ni. Bí o bá kó wọn, ìlú rẹ á gòkè sí ipele kejì, ìyẹn nìkan á fi ìràwọ̀ kan kún ohun tó ń wọlé ní tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Géèmù á tún ní kí o yan ẹ̀bùn: bí o bá mú ilé iṣẹ́, ìràwọ̀ kan mìíràn tún dé. Ìyẹn ni pé láàárín tọ́ọ̀nù méjì, mẹ́rin tí o ná ti padà sápò, ó sì ń wọlé lọ bẹ́ẹ̀ títí. Jagunjagun méjì tó lọ kú sẹ́nu odi ẹlòmíràn kì í padà.

Wo ti idà fúnra rẹ̀. Nínú géèmù yẹn, o ò lè ra ológun onídà ní ọjọ́ kìíní. O ní láti kọ́ Climbing, ìyẹn òkè gígùn, kí o kọ́ Mining, ìyẹn kùsà wíwà, kó tó kan Smithery, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Bí ìlú rẹ bá jẹ́ ẹyọ kan, ìràwọ̀ márùn-ún, mẹ́fà àti méje ni wọ́n, ìyẹn 18, onídà kan ṣoṣo tún di márùn-ún lọ́tọ̀. Bí ìlú rẹ sì ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹ̀kọ́ ń wọ́n sí i. Ìdí nìyí tí mo fi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ wọn: idà tí wọ́n pa lówe wà nínú fóònù rẹ ní tòótọ́, o ò sì tí ì rọ ọ́.

Ìbéèrè náà wà níbẹ̀. Ìkùukùu ló bo ilẹ̀ tí o kò tí ì dé. Bí ẹ bá jẹ́ èèyàn méjì tẹ́ ẹ jọ ń ta á, tí o wá rán jagunjagun kan ṣoṣo lọ yọjú sí ẹnì kejì, o ti bèèrè ikú tó pa baba rẹ nìyẹn. Ó ti mọ apá ibi tí o wà, yóò sì ra ọmọ ogun dè ọ́. Bí o bá kọ lu ẹni tí kò kú, òun náà á dá a padà fún ọ lójú ẹsẹ̀.

Àwa ọmọ Ọ̀kun, Yorùbá agbègbè Kàbà, ló yẹ kó tètè yé. Ní ọ̀rúndún 19, àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà láti Bídà ń ya wọ ìlú wa, wọ́n ń kó èèyàn lẹ́rú. Ọ̀pọ̀ ìlú ló gun orí òkè lọ. Ẹni tó bá ti rí àwọn àpáta Ògìdì mọ̀ pé ẹṣin ò lè gun ibẹ̀. Ojo kọ́ ló gbé wọn gòkè. Wọ́n ń fi ẹ̀mí pa mọ́ ni. Ní oṣù kìíní ọdún 1897, ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, gbéra ní Lọ́kọ́jà wá sí Kàbà, àwọn Tápà tó dó síbẹ̀ ti kó lọ kí wọ́n tó dé, oṣù yẹn náà ni Bídà ṣubú. (Pé àwọn tó lé Tápà tún wá di ọ̀gá lé wa lórí, ìtàn ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Nínú géèmù rẹ, Climbing yẹn náà ló ń jẹ́ kí ọmọ ogun rẹ gun òkè, ìyà tó ń jẹ ẹni tó wà lórí òkè kì í sì í tó ti ẹni tó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Dúró síbẹ̀ nígbà tí o bá ń rọ idà.

Ṣùgbọ́n má rọ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀nà títa kan tí wọ́n ń pè ní Perfection, tọ́ọ̀nù 30 péré ló ní. Mo mọ ẹni tó máa ń kọ́ ìlú rẹ̀ rèǹtè-rente, tí kì í jáde, àfi kí géèmù parí mọ́ ọn lórí. Bí o bá ti ní onídà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bèèrè ìbéèrè rẹ.

Sid Meier's Civilization tó jáde ní 1991 ló sọ irú géèmù yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Bí o bá fẹ́ èyí tó jọ ọ́ láìsan kọ́bọ̀, wá Unciv sórí Android, kì í jẹ dátà. Níbẹ̀, àfi kí o ní irin nílẹ̀ rẹ kí o tó lè ní onídà.

Ní ti àbúrò bàbá rẹ, o lè dá wọn lóhùn lọ́jọ́ tí o bá borí: "Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà." Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ sọ pé, "Tótó ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà lẹ lòwe." Dúró kí wọ́n sọ pé wàá rí òmíràn pa. Kí o sì gbé fóònù yẹn sílẹ̀ nígbà tí o bá ń sọ ọ́.