Bí Dírágónì Bá Já Lulẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú Dungeons & Dragons, eré ìtàn onídáìsì tí à ń ṣe, oṣó ẹgbẹ́ wa so ìyẹ́ dírágónì pupa arúgbó kan pọ̀ lójú òfuurufú. Ó já láti ẹsẹ̀ bàtà 300, ó sì dìde bí ẹni tó sùn jí! Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Ìdáhùn: Bí òfin ẹ̀dà karùn-ún ti ọdún 2014 ṣe wí ni, àmọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Láti mọ ìpalára ẹni tó já, ẹ ó ju dáìsì olójú 6 kan fún ẹsẹ̀ bàtà 10 kọ̀ọ̀kan, kó má ju dáìsì 20 lọ. Ìpíndọ́gba rẹ̀ ò ju 70. Hit points ẹranko yẹn, ìyẹn iye ìpalára tó lè gbà kó tó kú, sì jẹ́ 546!

Ẹ wo èèrà tó já láti orí igi: ńṣe ló ń bá tirẹ̀ lọ. Bí ẹ̀dá bá tóbi ní ìlọ́po méjì lóòró, níbùú àti ní gígùn, ìwúwo rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ, egungun rẹ̀ á sì lágbára ní ìlọ́po mẹ́rin péré. Bó ṣe tóbi tó ló ṣe ń fọ́ tó.

Nítorí náà, dáìsì ni mo máa ń pààrọ̀: olójú 8 fún Large (ẹ̀dá ńlá), 10 fún Huge (èyí tó tóbi jù ú lọ), 12 fún Gargantuan (èyí tó tóbi jù lọ, bíi dírágónì yín). Ẹ fi iye wọn sílẹ̀ ní 20. Ìpalára dírágónì yín á jẹ́ nǹkan bí 130, oṣó yẹn á sì mọ̀ pé òun ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ ńkọ́? Kó ṣe Dexterity save, ìyẹn ni pé kó ju dáìsì láti mọ̀ bóyá ó yẹra. Bí kò bá yege, kó gba ìdajì ìpalára náà.