Bí ilé tí à ń gba owó rẹ̀ bá bọ́ sábẹ́ LLC, ṣé ìṣirò àdínkù iye rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun?

Ìbéèrè: Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gba owó ilé lọ́wọ́ ayálégbé lórí ilé kan tí mo ní ní Amẹ́ríkà, mo sì ń yọ àdínkù iye ilé náà (iye tí òfin gbà pé ilé ń dín kù lọ́dọọdún bó ṣe ń gbó) kúrò nínú owó tí mò ń san owó orí lé lórí. Mo ti dá LLC (irú ilé-iṣẹ́ tí gbèsè rẹ̀ kì í sábà kan ẹni tó ni ín) sílẹ̀ báyìí, èmi nìkan ni mo ni ín, mo sì fẹ́ gbé ilé náà sínú rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ilé náà ti wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣé mo lè fi iye tuntun bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ọdún 27.5, tí òfin ní ká fi pín iye ilé, lákọ̀tun?

Ìdáhùn: Rárá o. LLC ẹlẹ́nì kan, àyàfi bí olóhun bá kọ Form 8832 láti ní kí wọ́n kà á sí corporation (ilé-iṣẹ́ tó dá dúró yàtọ̀ sí ẹni tó ni ín), kò yàtọ̀ sí ẹni tó ni ín lójú òfin owó orí ìjọba àpapọ̀. Lójú IRS, àjọ tó ń gba owó orí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ kò tíì ta ilé yìí fún ẹnikẹ́ni. Orúkọ tó wà lórí ìwé ilé nìkan ló yí padà. Ibi tí ìṣirò yín dé ni yóò ti máa lọ, lórí Schedule E, fọ́ọ̀mù ìròyìn owó ilé, tí ẹ ti ń lò.

Ká ní dọ́là 300,000 ni ẹ rà á, tí 80,000 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ilẹ̀, 220,000 péré ni ẹ lè yọ àdínkù lé lórí, nítorí ilẹ̀ kì í gbó bí ilé. Ìyẹn jẹ́ 8,000 lọ́dún. Bí ẹ bá ti yọ 48,000, ó ku 172,000 fún ọdún 21.5, ìbáà jẹ́ 450,000 ni ọjà ń pe ilé náà lónìí.

Bí ẹ bá ní kí wọ́n ka LLC náà sí corporation, iye àtijọ́ yìí náà ni yóò sábà jogún. Ṣùgbọ́n bí gbèsè tó wà lọ́rùn ilé bá ju iye tó kù nínú ìwé (ti ilé àti ti ilẹ̀) lọ, ẹ lè san owó orí lórí ìyàtọ̀ náà. Èmi kì í gba oníbàárà nímọ̀ràn láti gba ọ̀nà yìí, torí ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ yọ ilé náà jáde, wọn yóò kà á bí ẹni pé corporation náà tà á ní iye ọjà.

Ẹ má sì fo ọdún kankan. Àdínkù tí ó yẹ kí ẹ yọ, tí ẹ kò yọ, IRS yóò ṣì kà á mọ́ yín lọ́rùn nígbà tí ẹ bá ta ilé, owó orí rẹ̀ sì lè tó 25%.